Mẹ́dà Mẹ́ta Bàbá Alábẹ́rẹ́

Bí Láníkẹ́ bá fẹ́ ra iyọ̀ lọ́jà, yóò fi ahọ́n tọ́ ọ wò kó tó sanwó, bí ẹni pé iyọ̀ pàápàá ń parọ́. Bí ẹnìkan bá kí i pé ó tó ọjọ́ mẹ́ta, yóò kọ́kọ́ rò ó wò pé kí ni onítọ̀hún fẹ́ gbà lọ́wọ́ òun. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ló fi ṣe tíṣà ní Inísà, tí àwọn ọmọ ń parọ́ fún un lójoojúmọ́ pé ewúrẹ́ ló jẹ ìwé àwọn. Kò gba ẹyọ kan gbọ́ rí, títí kan ọmọ tí ewúrẹ́ jẹ ìwé tirẹ̀ lóòótọ́. "Páńsá ò fura, páńsá já sínú iná," ni ó máa ń wí. "Àjà ò fura, àjà jìn." Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́dà bàbá rẹ̀, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá ó jẹ̀bi.

Nọ́ọ̀sì ni bàbá náà, ṣùgbọ́n Bàbá Alábẹ́rẹ́ ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Òun ló de àpótí abẹ́rẹ́ àjẹsára mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ nígbà tí èèyi ń pa ọmọ wẹ́wẹ́, tó gun kẹ̀kẹ́ náà dé Ìbà, dé Eko Ende, dé àwọn oko tí mọ́tò ò lè wọ̀. Nígbà tí Láníkẹ́ ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ girama, ìjọba àpapọ̀ pe bàbá lọ sí Èkó, wọ́n fi mẹ́dà kọ́ ọ láyà, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀rí tó ní òǹtẹ̀. Ìyàwó mẹ́ta ló ní, ó sì kọ́lé fún wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fọláfúnmi, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Ìkìrun, ni ìyáálé. Títílayọ̀, ìyá Láníkẹ́, wà ní Inísà, Àlhájà tó jẹ́ ìkẹta sì wà ní Òkukù. Bàbá máa ń sọ pé abẹ́rẹ́ méjì kì í gbé inú ike kan kí wọ́n má gún ara wọn. Ọgbọ́n ni, àbí? Ẹ dúró ná.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, ìgbìmọ̀ tó ń kọ́ yàrá ìkàwé fún àwọn ọmọléèwé ní Ìkìrun kọ̀wé sí ìdílé. Wọ́n fẹ́ fi orúkọ bàbá sọ yàrá náà, wọ́n sì fẹ́ gbé mẹ́dà rẹ̀ sínú àpótí onígíláàsì lẹ́nu ọ̀nà, kí ọmọdé máa rí i. Adérógbà, àkọ́bí Ìyá Ìkìrun, tó ní ilé oògùn ní Ìbàdàn, kọ ọ́ sórí Wásáàpù ẹbí pé kí ọkàn gbogbo ènìyàn balẹ̀, mẹ́dà wà lọ́wọ́ màmá òun. Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí Abdulwaheed, ọmọ Àlhájà, fi fèsì láti Òkukù pé Bọ̀dá ṣàṣìṣe, ọwọ́ màmá tòun ni mẹ́dà wà láti ọdún gbọọrọ, fọ́tò rẹ̀ nìyí. Láníkẹ́ tó ń ṣa ẹ̀wà bú sẹ́rìn-ín. Mẹ́dà wo làwọn wọ̀nyí ń wí?

Inú agolo bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ ni mẹ́dà wà. Láníkẹ́ mọ ìtàn rẹ̀ bí ó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀. Nígbà tí Títílayọ̀ di ìyàwó kejì, àwọn ará ilé ọkọ kò fojú ènìyàn gidi wò ó. "Èyí tó tẹ̀lé ọkọ bọ̀ láti ibi iṣẹ́" ni wọ́n ń pè é. Ó ń gbà á mọ́ra. Lọ́jọ́ kan ni bàbá gbé mẹ́dà dé, ó fi lé e lọ́wọ́, ó ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé òun nìkan ni òun lè fọkàn tán. Láti ọjọ́ náà ni èébú kankan kò ti dun obìnrin yìí mọ́. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún báyìí, ẹ̀jẹ̀ ríru sì ń yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ara rẹ̀ bá ti fẹ́ yíwọ́, yóò ní kí wọ́n gbé agolo wá, yóò di mẹ́dà mú, yóò ní, "Èmi ló fẹ́ràn jù," yóò sì sùn. Bí ẹnìkan bá gba ìgbàgbọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, Láníkẹ́ mọ̀ pé òkú ìyá òun ni òun yóò gbé.

Orí Wásáàpù gbóná fún ọjọ́ mẹ́ta. Níkẹyìn Abdulwaheed, tí kò fẹ́ràn ìjà, dábàá pé kí wọ́n pín mẹ́dà ní ìdí igi, bí wọ́n ṣe pín yàrá àti oko kòkó. Kó máa gbé oṣù mẹ́rin-mẹ́rin lọ́dọ̀ ìyá kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ kan láti ìdí igi kọ̀ọ̀kan sì máa gbà á kọ́ àyà fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí yàrá ìkàwé. Ó dára létí gbogbo ẹbí. Wọ́n ti ń jiyàn lórí ta ni yóò kọ́kọ́ fi kọ́ àyà nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Ọláníyan, akọ̀wé ìgbìmọ̀, fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni Láníkẹ́ wà nígbà náà, ó ń fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ nu mẹ́dà kó lè ya fọ́tò tirẹ̀, ìyá rẹ̀ sì jókòó tì í, ó ń yọ ẹ̀gúsí. Ó tẹ fóònù, ohùn Ọláníyan sì gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé kan.

"Lọ́yà tí a bi léèrè ní òfin kò fi àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè ṣeré. Ẹni tí wọ́n fi dá lọ́lá nìkan ló lè fi kọ́ àyà. Bó bá ti kú, àwọn ọmọ lè tọ́jú rẹ̀, wọn ò lè wọ̀ ọ́, wọn ò sì lè pín in. Ẹni tó bá gbé ayédèrú síta pé ojúlówó ni, ẹjọ́ ló ń pè yẹn. Nítorí náà, ẹ kó gbogbo èyí tó bá wà lọ́wọ́ yín wá ní Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nọ́ńbà kan wà lẹ́yìn mẹ́dà, ó gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé ẹ̀rí mu. Ẹbí yóò sì kọ orúkọ ẹni tó tọ́jú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí orúkọ yẹn la máa kọ sára àpótí."

Láníkẹ́ yí mẹ́dà sẹ́yìn. Ẹ̀yìn náà ń dán. Ó fi eérú rà á, ó fi èékánná ha á, ó gbé e sójú oòrùn. Kò sí nọ́ńbà, kò sí àpá nọ́ńbà, ó jọ̀lọ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ jòjòló.

"Ó mọ́?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ó mọ́, Màámi," ni Láníkẹ́ wí, ó sì yára dì í padà sínú aṣọ pélébé rẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ fura sí ni Adérógbà. Ta ni yóò tún jẹ́? Ọwọ́ rẹ̀ ni ìwé ẹ̀rí wà. Òun ló wá kí wọn ní Kérésì pẹ̀lú páálí ọsàn òyìnbó, tó jókòó sí yàrá ìyá rẹ̀ fún odindi wákàtí kan, tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ ìyáálé wo ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó kejì lọ́fẹ̀ẹ́? Ó ti pààrọ̀ ẹ̀ ni! Nígbà tí Láníkẹ́ ro ti Adérógbà tán, ó ro ti Àlhájà, tó ń rẹ́rìn-ín jù. Ó ro ti Ọláníyan pàápàá, nítorí ta ló sọ fún un pé nọ́ńbà wà lẹ́yìn mẹ́dà? Ṣùgbọ́n ẹni tó fura sí jù ni Ìyá Ìkìrun fúnra rẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kìlọ̀ fún Láníkẹ́ pé bó bá dé ilé ìyáálé, kó kí wọn dáadáa, kó kúnlẹ̀ dáadáa, kó má sì fi nǹkan kan kan ẹnu. Ó ti ń lọ sí ọgọ́ta ọdún, kò jẹ oúnjẹ rí nínú ilé náà.

Ní ọjọ́ Ajé ó wọ mọ́tò lọ sí Ìkìrun, kì í ṣe láti lọ kí ẹnikẹ́ni. Ó ti rántí alágbẹ̀dẹ wúrà kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin náà ti kú, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ Àyànfẹ́ wà nídìí ewìrì, irun rẹ̀ ti funfun. Láníkẹ́ fi fọ́tò mẹ́dà hàn án lórí fóònù, ó sì dọ́gbọ́n pé òun fẹ́ kó bá òun ṣe irú rẹ̀. Àyànfẹ́ wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tún ṣe irú ẹ̀ mọ́ láyé.

"Méjì la ṣe fún Bàbá Alábẹ́rẹ́," ni ó wí. "Ọwọ́ mi yìí ló yọ́ bàbà rẹ̀. Bàbá mi ò gbà láti gbẹ́ nọ́ńbà sí i. Wọ́n ní nọ́ńbà ìjọba ni, àwọn ò fẹ́ lọ ẹ̀wọ̀n nítorí ọ̀rẹ́."

Láníkẹ́ jókòó sórí bẹ́ǹṣì alágbẹ̀dẹ láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó. Bàbá yìí! Bàbá tó ń wàásù òótọ́ fún wọn ní gbogbo òwúrọ̀! Ó mú ojúlówó kan, ó rọ ayédèrú méjì, ó lọ láti ilé dé ilé, ó ń sọ fún obìnrin mẹ́ta pé òun nìkan ni òun lè fọkàn tán. Ojúlówó wà ní Ìkìrun tàbí ní Òkukù, ibi yòówù kó wà, kò sí ní Inísà. Inú bí i sí òkú tó bẹ́ẹ̀ tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àyànfẹ́ bi í bóyá èéfín ló kó sí i lójú, ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ó pinnu pé lọ́jọ́ Sátidé òun yóò lọ nìkan, òun yóò ní mẹ́dà ti sọ nù, kí ìyá òun máa di agolo rẹ̀ mú títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, ìyá rẹ̀ jí, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyáálé òun. Ó ní ojú ìyáálé ti ń ṣú, àgbà méjì ni àwọn, ó yẹ kí àwọn gbàdúrà pọ̀. Láníkẹ́ fẹ́ tẹ̀ lé e, ó kọ̀. Ó fẹ́ pe ẹnìkan kó sìn ín, ó tún kọ̀. Họ́wù, irú ìfẹ́ wo ló dé lójijì yìí? Láníkẹ́ wá mọ́tò tó dára fún un, ó sì tẹnu mọ́ ọn létí fèrèsé pé kó má jẹ nǹkan kan níbẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyá náà padà, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọge. Láníkẹ́ bi í ohun tó jẹ. Ó ní ìyáálé òun fún òun ní mọ́ínmọ́ín eléwé mẹ́rin, òun sì jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ méjì gbáko ni Láníkẹ́ fi ń ṣọ́ ọ, tó ń bi í bóyá inú ń run ún, tó ń yọjú wò ó bó bá sùn. Inú kò run ún. Nígbà tí Láníkẹ́ ní kó jókòó sílé lọ́jọ́ Sátidé, ó ní rárá o, òun ń lọ, òun ni òun yóò sì gbé agolo òun dání.

Gbogbo wọn pé sí pálọ̀ Bàbá Alábẹ́rẹ́ ní Ìkìrun. Ìyá Ìkìrun wà lórí àga tó kángun sí fèrèsé, ojú rẹ̀ méjèèjì ti funfun fún ẹ̀tanná, Adérógbà sì dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí. Láti Ọjọ́bọ ni ó ti Ìbàdàn dé, tó ti gba mẹ́dà lọ́wọ́ màmá rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n dì í sí, tó sì fi í sínú báàgì rẹ̀ kó má bàa sọ nù. Ọláníyan tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó ní kí wọ́n kó wọn jáde. Ó ti di apá ìyá rẹ̀ mú kó má bàa ṣubú.

Ti Òkukù ni Ọláníyan kọ́kọ́ yí sẹ́yìn. Ó ń dán. Àlhájà bú sẹ́rìn-ín, ó ní òun ti mọ̀ tipẹ́, pé ọkùnrin tó ń háwọ́ sí owó ọbẹ̀ kò jẹ́ gbé ohun ìjọba fún ènìyàn. Ọláníyan yí ti Ìkìrun sẹ́yìn. Òun náà ń dán. Adérógbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó wò ó, ojú rẹ̀ sì fà ro. Ọláníyan wá tú aṣọ ti Inísà. Ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó wọ awò rẹ̀, ó ka nọ́ńbà jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, méje ló sì parí sí. Adérógbà wo ìwé ẹ̀rí. Ó bá a mu.

Ẹnu Láníkẹ́ là, kò pa á dé. Àwọn ènìyàn ń kí ìyá rẹ̀ kú oríire, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n Láníkẹ́ ti fi èékánná ara rẹ̀ ha ẹ̀yìn mẹ́dà yẹn. Kò sí méje níbẹ̀, kò sí oókan. Mẹ́dà kì í hu nọ́ńbà bí àgbàdo.

Ìyá Ìkìrun na ọwọ́, ó ní kí wọ́n gbé tòun fún òun. Ó fi àtàǹpàkò pa ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì.

"Èyí kọ́ ni tèmi," ni ó wí. "Tèmi ní ìlà. Láti ìgbà tí ojú mi ti ṣú ni mo ti ń fọwọ́ kà á. Méje ló parí sí."

"Mọ́mì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka méje yẹn jáde ni," ni Adérógbà wí. Ó yíjú sí àwọn àlejò, ó rọra sọ fún wọn pé kí wọ́n má bínú, pé ọjọ́ orí ni, pé màmá òun ti ń gbàgbé nǹkan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i létí, ó ní kó jọ̀ọ́, kó má dójú ti àwọn mọ́. Obìnrin arúgbó náà ṣì ń fi àtàǹpàkò wá ìlà náà kiri lórí bàbà tó jọ̀lọ̀, bí ẹni tó ń wá ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ tí kò rí i.

Láníkẹ́ wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń wo kọ́tìnnì. Ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé e: fóònù tó ń pariwo nọ́ńbà lẹ́yìnkùlé, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ọjọ́rú, àdúrà pẹ̀lú ìyáálé tí ojú rẹ̀ ti ṣú. Ó ti fura sí gbogbo ayé, kò fura sí ẹni tó ń bá a yọ ẹ̀gúsí. Ojú tì í dé egungun. Àánú ìyá rẹ̀ sì ṣe é, nítorí ó mọ̀ pé kì í ṣe mẹ́dà ni obìnrin náà lọ jí, ọ̀rọ̀ tí ọkọ sọ fún un ló fẹ́ sọ di òótọ́.

Ọláníyan gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀, ó ní tíṣà ni, ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ dára, kó bá wọn kọ orúkọ ẹni tó tọ́jú àmì ẹ̀yẹ náà. Láníkẹ́ di bírò mú. Bó bá kọ Títílayọ̀, ìyá rẹ̀ yóò sùn dáadáa títí yóò fi kú, wọn yóò sì máa pe Ìyá Ìkìrun ní òpùrọ́ nínú ilé ara rẹ̀. Ó tún wo àtàǹpàkò yẹn, tí kò tíì dúró. Ó kọ: Fọláfúnmi Ọmọ́ṣẹ̀yìndé.

Adérógbà kà á lórí èjìká rẹ̀, ó ní, "Láníkẹ́, màmá mi lo kọ."

"Òun ni, Bọ̀dá. Ọwọ́ wọn ló wà láti ọjọ́ yìí wá." Ó fi bírò sílẹ̀. "Ẹ̀yìn tiwa ń dán, èmi ni mo fi eérú nù ún. Ní Ọjọ́rú tí Màámi wá kí wọn, àgbà méjì gbé tiwọn jáde, wọ́n jọ ń wò ó, ló bá pààrọ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́."

Láníkẹ́ gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Bí ọmọ kan bá gbé irú rẹ̀ wá bá a ní kíláàsì, yóò ní kó lọ kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti gbé ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo wọn ń retí ohun tí ìyáálé yóò wí.

Ìyá Ìkìrun kọjú síbi tí ó ti ń gbọ́ mímí ìyàwó rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ó wí. "Ó pààrọ̀ ni. Èmi tí mi ò ríran, ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀?" Ó na mẹ́dà tó jọ̀lọ̀ síwájú. "Ìyá Láníkẹ́, gba tìẹ. Ọkọ wa ló fún ẹ."

Títílayọ̀ dìde, ó rìn lọ bá a, ó kúnlẹ̀ tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀, ó sì gbà á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní, "Ẹ má bínú sí mi, ìyáálé mi." Ìyá Ìkìrun fọwọ́ pa á lórí, ó ní kó dìde, pé orúnkún àgbà kò gba sìmẹ́ǹtì mọ́.

Ọláníyan kó ìwé rẹ̀, ó gbé ojúlówó sínú àpótí, ó dágbére. Àlhájà ní ebi ń pa òun. Wọ́n gbé oúnjẹ jáde, mọ́ínmọ́ín eléwé ni, ooru ṣì ń jáde lára rẹ̀. Ìyá Ìkìrun fọwọ́ wá abọ́, ó mú èyí tó tóbi jù, ó nà án síbi tí ohùn Láníkẹ́ ti jáde kẹ́yìn. Gbogbo wọn mọ̀ pé Láníkẹ́ kì í jẹun níbẹ̀. Adérógbà tiẹ̀ ti ń la ẹnu láti bá a wá àwáwí. Láníkẹ́ gbà á, ó tú ewé rẹ̀, kò tọ́ ọ wò, ó sì jẹ ẹ́ tán.